Ìràwọ̀ Kẹsàn-án Bàbá Ọlájíre

Kẹ́mi gbé fóònù kalẹ̀ sáàárín ife tíì karak mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn àgbàlagbà kan sì jáde níbẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Kẹ́mi, Nanumea ò sí nílé mi mọ́. Àní Nanumea ti lọ! Ọkàn mi ò balẹ̀, ọmọ mi. Tètè máa bọ̀."

Ó tán síbẹ̀. Nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Ọlájíre fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí Kẹ́mi, ọmọ àbúrò wọn. Kẹ́mi wà níbi iṣẹ́ ní báńkì, kò gbọ́ ọ títí aago méje fi lù. Nígbà yẹn, wọ́n ti bá Bàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ wọn ní Al Majaz, ní Sharjah nílẹ̀ Lárúbáwá, orí wọn ti gbá tábìlì onígíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́ àga, àsíá àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri sì ti pòórá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọn ò lajú, wọn ò sọ̀rọ̀.

"Ta ni Nanumea?" Àǹtí Sìlífátù béèrè.

"Ohun táwọn ọlọ́pàá náà ń béèrè nìyẹn, mà," Kẹ́mi dáhùn. "Wọ́n ní á jẹ́ obìnrin kan. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Lieutenant tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà wá ní kò di dandan káwọn rí i, ẹni tó jalè ti wà lọ́wọ́ àwọn."

Ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn ló gbé mi débẹ̀. Làmídì ni, gáàdì ilé tí Bàbá Ọlájíre ń gbé. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sùn ní yàrá kan ní Muhaisnah, bẹ́ẹ̀dì onípele méjì, òun nísàlẹ̀, èmi lókè. Gbémiga lorúkọ mi, dírẹ́fà ni mí, inú mi tètè máa ń ru, mi ò sì fi pamọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Làmídì kì í ṣe olè. Làmídì tí ò lè bu ṣúgà mi láì kọ́kọ́ jí mi lójú oorun béèrè!

Rodiat, ìyàwó ẹ̀, bí ọmọkùnrin fún un n'Íwó. Àkọ́bí. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kó wọ bàálù lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n tú Ghana-must-go ẹ̀, wọ́n sì bá àsíá nínú ọ̀rá dúdú kan láàárín ẹrù. Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ láìsí bàbá níbẹ̀. Tí Bàbá Ọlájíre bá lọ kú sí ọsibítù yẹn, ẹjọ́ olè á di ẹjọ́ apànìyàn, nílẹ̀ onílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré tọ Àǹtí Sìlífátù wá ní Al Baraha. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá síbí, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sídìí kámẹ́rà mọ́ọ̀lù kan báyìí, tí wọ́n ń fi ojú méjì wo ibi méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn karak, wọn kì í sì kánjú sọ̀rọ̀.

"Ta ló kó ẹrù sínú báàgì Làmídì?" wọ́n béèrè.

Kẹ́mi, tó máa ń pe Bàbá Ọlájíre ní Big Daddy, mí kanlẹ̀. "Gbogbo wa ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń lọ sílé. Mo fi oògùn mọ́mì mi sí i. Adébọ́lá tó ń gbé iwájú Big Daddy, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fi tiẹ̀ sí i. Bàbá Olúbáyọ̀, ọ̀rẹ́ Big Daddy láti kékeré, àwọn náà fi tiwọn sí i. Ọ̀rá dúdú ni gbogbo wa fi di ẹrù. Nínú yàrá gáàdì nísàlẹ̀ ilé ni báàgì yẹn wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí gbogbo wa sáré débẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀."

"Kámẹ́rà ilé ńkọ́?"

"Inú lífìtì nìkan ló wà. Kò rí ẹnikẹ́ni. Kò sí lójú àtẹ̀gùn."

"Làmídì fúnra ẹ̀ ò sì yẹ àwọn ẹrù náà wò?"

"Ẹrù ẹlẹ́rù, Àǹtí?" Ìbínú ni mo fi dá wọn lóhùn. "Ta ló ń tú ẹrù àgbà wò? Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́!"

"Ẹ̀kọ́ ọ̀hún náà ló gbé e dé àtìmọ́lé." Wọ́n gbé ife karak, wọ́n mu ún tán. "Yalla. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ògiri yẹn."

*

Pálọ̀ Bàbá dojú kọ omi Al Majaz. Wọ́n ti nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ òórùn ọṣẹ ìnulẹ̀ náà ṣì ń fín èèyàn nímú, ara mi ò sì balẹ̀ nínú ilé yẹn. Lára ògiri, ibi tí àsíá ti kúrò funfun ju ìyókù lọ. Àga Bàbá wà lábẹ́ ẹ̀, lápá òsì. Fọ́tò ló yí ibẹ̀ ká, mẹ́tàlélógún. Kẹ́mi ní àṣà Bàbá nìyẹn: ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ ṣe àlejò wọn, wọ́n á jókòó sórí àga, àlejò á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á ya fọ́tò lábẹ́ àsíá.

Kẹ́mi fi fọ́tò tí Lieutenant fi ránṣẹ́ sí i hàn wá, èyí tó ní kó fi dá ẹrù náà mọ̀. Aṣọ aláwọ̀ sánmà tó ti ṣá, àsíá Gẹ̀ẹ́sì kékeré lókè lápá òsì, ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè káàkiri lápá ọ̀tún.

"Àsíá Tuvalu ni," Kẹ́mi wí. "Àwọn erékùṣù kéékèèké kan láàárín òkun Pàsífíìkì. Big Daddy jẹ́ ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún 1978, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba òmìnira gan-an, ni ẹnì kan bá fún wọn ní àsíá yìí. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń sọ ìtàn ọ̀hún. Ká sòótọ́, mi ò gbọ́ ọ parí rí. Fóònù ni mo máa ń tẹ̀." Omi bọ́ lójú ẹ̀.

Àǹtí Sìlífátù fi ìka ka ìràwọ̀ tó wà lórí fóònù. "Mẹ́jọ," wọ́n wí.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Olúbáyọ̀ wọlé, wọ́n ga, wọ́n rù, ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tí ò sùn látọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n sì fi báàgì dúdú kan kọ́ èjìká. Mo dọ̀bálẹ̀. Àǹtí kúnlẹ̀. Bàbá Olúbáyọ̀ fọwọ́ gbà wá dìde, wọ́n ní ìrọ̀rí Ọlájíre làwọn wá mú, ti ọsibítù le jù fún un. Àwọn ló ń jókòó tì í tọ̀sán-tòru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ojú mi bí mo ṣe ń dúpẹ́!

"Bàbá, ìràwọ̀ mélòó ló wà lára àsíá yẹn?" Àǹtí béèrè.

"Mẹ́jọ." Wọn ò tiẹ̀ ronú. "Mẹ́jọ tó dúró pọ̀ ni ìtumọ̀ Tuvalu. Erékùṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n, àmọ́ mẹ́jọ léèyàn ń gbé látilẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́sàn-án ló wà tẹ́lẹ̀. Ní 1995, ìjọba wọn yọ ọ̀kan kó lè bá orúkọ mu. Nígbà tó di 1996, wọ́n tiẹ̀ pa gbogbo ẹ̀ tì, wọ́n ṣe òmíràn tí ò ní ti Gẹ̀ẹ́sì lára. Ìjọba míì gorí oyè, wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà ní 1997."

"Ẹ mọ̀ ọ́n o, sà."

"Inú ọkọ̀ kan náà lèmi àti Ọlájíre wà."

"Ta wá ni Nanumea?"

Ọwọ́ Bàbá Olúbáyọ̀ dúró lára ìrọ̀rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Obìnrin kan ni, létíkun, nígbà tá a wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ má tú àṣírí àgbàlagbà fọ́mọ ẹ̀." Wọ́n fi ìrọ̀rí há abíyá, wọ́n jáde.

Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Àsíá oníràwọ̀ mẹ́jọ ni, òun náà ni wọ́n bá nínú báàgì, ìyà Làmídì dé. Àǹtí Sìlífátù ò tiẹ̀ wò mí.

"Gbémiga, ọdún wo ni wọ́n fún Bàbá Ọlájíre ní àsíá?"

"1978."

"Ọdún wo ni wọ́n yọ ìràwọ̀ kan?"

"1995."

"Ẹni tó ń rán àsíá ní 1978, ṣé ó mọ̀ pé wọ́n máa yọ ìràwọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún?" Wọ́n sún mọ́ ògiri. Wọ́n wo fọ́tò Kẹ́mi, níbi tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, àsíá tẹ́ rẹrẹ lókè orí ẹ̀. "Mẹ́sàn-án." Wọ́n wo ti Làmídì, níbi tó lóṣòó bí ẹni tó ń gba ìbùkún. "Mẹ́sàn-án. Àsíá tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe àsíá inú fọ́tò yìí. Ayédèrú ni. Ẹnì kan ti mú ojúlówó lọ, ó fi ayédèrú kọ́ síbẹ̀."

"Bàbá ò sì rí i?" mo béèrè.

Kẹ́mi figbe ta. "Ojú wọn! Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lójú. Oṣù kan gbáko ni gbogbo nǹkan fi ń ṣú mọ́ wọn lójú. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, lọ́sàn-án, ni wọ́n gba gíláàsì tuntun!"

A wo ara wa. Bàbá Ọlájíre wọ gíláàsì dé, wọ́n gbójú sókè wo ògiri, ohun tí wọ́n rí ló bà wọ́n lẹ́rù.

*

"Kí ló dé tí ayédèrú fi ní mẹ́jọ?" Àǹtí Sìlífátù ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ẹni tó mọ ìtàn àsíá ò ní mọ̀ọ́mọ̀ rán ìràwọ̀ mẹ́jọ sára àsíá 1978. Télọ̀ ló ṣe é. Ẹ mọ àwọn télọ̀ ìlú yìí: ohun tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n ni wọ́n á rán, bí àbààwọ́n bá wà níbẹ̀, wọ́n á rán àbààwọ́n. Fọ́tò ni wọ́n fi hàn án. Nínú fọ́tò yẹn, ohun kan bo ìràwọ̀ kan."

"Orí èèyàn," mo wí.

"Orí ẹni tó dúró. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, orí ẹ̀ ò ní dé àsíá."

Ojú mi sáré yí ògiri ká. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló kúnlẹ̀ tàbí lóṣòó. Àfi ọ̀kan! Adébọ́lá, ọ̀gbẹ́ni kọ̀ǹpútà, ó nà tàn-ìn, ó tún kọ́wọ́ bọ àpò. Orí mi gbóná. Kí wọ́n tó pè mí padà, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, mo ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ọmọ tí ò lè kúnlẹ̀ fágbà, níbo lo gbé àsíá sí?"

"Guy, calm down!" Ìbẹ̀rù mú un, mo rí i. "Àsíá wo? Mi ò kì í kúnlẹ̀ fún anybody, mo sọ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé crime nìyẹn?"

"Kí lo fi sínú báàgì Làmídì?"

"Shoe! Bàtà fún àbúrò mi! Ọlọ́pàá ti rí i!"

Mo ti di ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú nígbà tí Àǹtí Sìlífátù dé pẹ̀lú fọ́tò náà lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀. Wo ibi tó dúró sí. Lápá òsì, lẹ́yìn àga. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni orí ẹ̀ bò. Ìràwọ̀ pé mẹ́sàn-án. Ká ní fọ́tò yìí ni télọ̀ lò, àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá ti gé lára." Wọ́n yíjú sí Adébọ́lá. "Má bínú, àbúrò mi. Ẹnu lo fi ń ṣe agídí, ọwọ́ ẹ mọ́."

Mo tọrọ gáfárà. Ó dùn mí, àmọ́ mo tọrọ ẹ̀.

A padà sí pálọ̀, ọkàn mi ti wó. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún. Làmídì ni, láti àtìmọ́lé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ń fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, Rodiat ti fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́ sí yín?" Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. "Ta ló jọ?"

Mo ní òun ló jọ. Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Làmídì, ta ni Nanumea?"

"Nanumea?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rẹ̀ ẹ́. "Kì í ṣe èèyàn, mà. Erékùṣù ni. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá lójú, láràárọ̀ tí mo bá gbé omi gálọ́ọ̀nù lọ fún wọn, wọ́n á mú mi dúró níwájú àsíá, wọ́n á máa fọwọ́ kan ìràwọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa pe orúkọ wọn: Nanumea, Niutao, Nanumanga, títí dé òkè. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni Nanumea. Ibẹ̀ ni ìlú ọmọ ọkọ̀ tó fún wọn ní àsíá. Wọ́n ní ó kó sómi, àwọn ló bẹ́ sínú òkun gbà á là."

"Ta tún ló mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n, mà? Tí Bàbá Olúbáyọ̀ bá wà níbẹ̀, àwọn pàápàá máa ń bá wọn kà á. Àmọ́ tí wọ́n bá ti dé ibi ìtàn bíbẹ́ sómi, wọ́n á dìde lọ síta. Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo máa rí ọmọ mi?"

Wọ́n já a. A ò tíì dá a lóhùn.

Àǹtí Sìlífátù ṣí máàpù Tuvalu lórí fóònù, wọ́n fi wé fọ́tò. Kò bá a mu. Wọ́n dá fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìlà-oòrùn wà lókè. Àh! Ó bá a mu wẹ́kú. Bí àwọn erékùṣù náà ṣe tò sínú òkun ni wọ́n ṣe to ìràwọ̀ sára aṣọ, Nanumea sì wà lápá òsì, nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n wo ayédèrú ọlọ́pàá. Ibẹ̀ gan-an ló ṣófo.

"Ẹ wá fọ́tò tí orí èèyàn ti bo ìràwọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn," wọ́n wí, ohùn wọn ti yí padà.

A kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Kẹ́mi ló dúró níwájú èyí tó kángun sí fèrèsé, ó ka ìràwọ̀, ó tún un kà.

"Mẹ́jọ," ó wí, kò ju bí ẹni ń mí lọ.

Bàbá Ọlájíre jókòó, Bàbá Olúbáyọ̀ dúró sápá ọ̀tún wọn, orí ẹ̀ ga dé ibi tí Nanumea wà. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti wo fọ́tò yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ń wá ẹni tó dúró, ojú mi sì ń fò ó, torí ta ló máa retí pé kí ẹgbẹ́ kúnlẹ̀ fẹ́gbẹ́? Ó dúró níbi tó yẹ kó dúró, ni mi ò ṣe rí i pé ó dúró.

"Ẹlòmíì lè mú fọ́tò yìí fún télọ̀," Kẹ́mi ń bẹ̀bẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó bá ní mẹ́tàlélógún láti mú, èyí tí àsíá bá hàn dáadáa ló máa mú. Ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo nílé, tiẹ̀, ló máa mú eléyìí. Ó sì pe Nanumea ní obìnrin níwájú wa." Àǹtí Sìlífátù gbé báàgì wọn. "Gbémiga, kí ló gbé jáde níbí lẹ́ẹ̀kan?"

"Ìrọ̀rí."

A ti wà lójú àtẹ̀gùn.

*

Ẹ má bi mí bí mo ṣe wa ọkọ̀. Ọ̀nà ti dí, gbogbo Sharjah ló wà lójú títì. Kẹ́mi ń pe ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Àánúolúwa, ọmọ ilẹ̀ wa kan, ló gbé e.

"Bàbá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn," ó wí. "Ọ̀rẹ́ wọn ní káwa jáde, àwọn fẹ́ gbàdúrà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn."

"Wọlé!" Kẹ́mi pariwo. "Wọlé báyìí, má kan ilẹ̀kùn!"

Àǹtí Sìlífátù ń bá Lieutenant sọ̀rọ̀ lórí fóònù tiwọn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ra ata. Inú bí mi sí ohùn wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé bí ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n nìyẹn.

Nígbà tá a dé, Àánúolúwa dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Ọlájíre dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà nímú, àyà wọn ń lọ sókè sódò. Mo kà á: ó lọ sókè, ó wá sílẹ̀. Olúbáyọ̀ jókòó tì wọ́n, ìrọ̀rí wà lórí itan ẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ dárí jì mí, mi ò lè pè é ní "wọ́n" mọ́.

Àǹtí Sìlífátù ò kúnlẹ̀ kí i lọ́tẹ̀ yìí. Olúbáyọ̀ náà rí i.

"Ìrọ̀rí yẹn, sà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀," ó wí.

Kẹ́mi bú sẹ́kún. Àǹtí na ọwọ́, wọ́n gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni gba àwo lọ́wọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà, wọ́n nawọ́ sí báàgì dúdú èjìká ẹ̀. Ó tú u fúnra ẹ̀. Àsíá ló wà níbẹ̀, ó ti ṣá, ó rọ̀, ìràwọ̀ rẹ̀ pé mẹ́sàn-án.

"Èmi ni mo bẹ́ sómi," ó wí. "Èmi! Ọlájíre dúró lórí ọkọ̀, ó di okùn mú. Mo gbé ọmọ Nanumea yẹn jáde, mo dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tó lajú, Ọlájíre ló rí. Òun ló fún ní àsíá bàbá ẹ̀. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń jókòó sí pálọ̀ yẹn, tí mo ń gbọ́ bó ṣe bẹ́ sómi. Mo kàn fẹ́ kí tèmi wà lọ́wọ́ mi kí n tó kú. Mo fi òmíràn sílẹ̀ fún un. Mo rò pé kò ní mọ̀."

"Wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ gíláàsì."

"Ó pè mí. Ó ní olè ti wọlé òun, òun fẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo lọ bá a, mo fẹ́ ká ayédèrú yẹn kúrò lára ògiri, ó dì í mú, èmi náà dì í mú. Ọwọ́ ẹ̀ bọ́." Ó bo ojú. "Mo sáré gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀. Báàgì ọmọ yẹn ṣí sílẹ̀, òun sì ti gbé omi lọ sókè. Mo fi ọ̀rá dúdú wé àsíá náà, mo tì í bọ inú ẹ̀, mo ní bàálù á gbé e jìnnà."

"Nígbà tí wọ́n mú Làmídì ńkọ́?"

"Mo ní wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ́la. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la."

Inú mi ru, mo fẹ́ kì í mọ́lẹ̀, àmọ́ Àǹtí Sìlífátù gbé ọwọ́ lé àyà mi. Wọ́n yíjú sí Olúbáyọ̀. "Ẹ̀yin lẹ bẹ́ sómi fún ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí," wọ́n wí. "Làmídì tó ń gbé omi fún yín mu, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín láràárọ̀, ẹ dúró lórí ọkọ̀ ẹ ń wò ó."

Lieutenant wọlé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì, ó wo àsíá, ó ka ìràwọ̀ rẹ̀ fúnra ẹ̀. "Khalas," ó wí jẹ́jẹ́, pé ó ti parí, wọ́n sì mú un lọ.

*

Ọjọ́ kẹta, wọ́n tú Làmídì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Ọlájíre lajú. Nígbà tó máa fi tó oṣù méjì, wọ́n ti dá àsíá padà, Bàbá ti wà nílé, wọ́n sì ní kí Làmídì wá kí àwọn kó tó lọ wo ọmọ ẹ̀. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ.

Kẹ́mi ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú, wọ́n á ní irọ́ ni Olúbáyọ̀ ń pa. Bàbá kàn ń wo ògiri.

"Mo mọ̀ pé òun ló bẹ́," wọ́n wí. "Ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ wọ́n ti ń patẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó yá, mo rò pé kò dùn ún mọ́."

Mo wo Làmídì. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó lò ní àtìmọ́lé nítorí ìtàn tí wọn ò jẹ́ kó tọ́.

"Wá, ọmọ mi," Bàbá wí, wọ́n fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ àga. "Wá ká ya fọ́tò míì. Gbémiga, yà wá."

Mo gbé fóònù sókè. Mo ń dúró kí Làmídì lóṣòó, bó ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kò lóṣòó. Ó lọ sápá ọ̀tún àga, ó dúró ṣánṣán, ó wo ojú kámẹ́rà. Bàbá gbójú sókè wò ó, wọ́n wá kọjú sí kámẹ́rà.

Mo tẹ fóònù. Mo ka ìràwọ̀ inú fọ́tò náà, mẹ́jọ ni mo rí, orí Làmídì ló bo Nanumea.